Fuzz Face tí mo tò fúnra mi kò dún bó ṣe yẹ: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Gìtá-Àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo to pẹ́dálì Fuzz Face kan, èyí tó ń fọ́ ohùn gìtá kó lè máa ha, sórí Veroboard, bọ́ọ̀dù oníhò tó ní ilà bàbà. Oní-NPN ni, ìyẹn irú tiransísítọ̀ tí áàtì rẹ̀ jẹ́ òdì, bátìrì 9V ló ń lò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé: tiransísítọ̀ méjì, kapásítọ̀ 2.2µF níbi tí ohùn ń gbà wọlé, 10nF níbi tó ń gbà jáde, 22µF lára pọ́ọ̀tù Fuzz, rẹsísítọ̀ 33k, 8.2k, 470 óòmù àti 100k, pọ́ọ̀tù Fuzz 1k, pọ́ọ̀tù Volume 500k, pẹ̀lú swíìṣì 3PDT ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án.

Tí mo bá pa á, ohùn gìtá ń kọjá geere. Tí mo bá tàn án, iná LED tàn, àmọ́ ohùn kékeré tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ ló ń jáde, kì í sì í pẹ́ kú. Mo ta okùn, ó ní "fàp", ó tán. Mo ti tún gbogbo ojú lẹ́ẹ̀dì jó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti pààrọ̀ kapásítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò yí padà. Èwo ni kí n tún pààrọ̀?

Lẹ́ẹ̀dì60-40

Ẹ má pààrọ̀ ohunkóhun mọ́. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ ná, ẹ mú mítà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún ojú kan jó ni ilà bàbà Veroboard ń sún mọ́ àtiṣí kúrò lára bọ́ọ̀dù, tó bá sì ti ṣí, àìsàn kejì nìyẹn lórí àkọ́kọ́.

LED tó tàn kò sọ nǹkan kan nípa sákíìtì yín. Ohun tó sọ kò ju pé iná dé ìdí swíìṣì. Èyí tó wúlò ni pé ohùn ń kọjá nígbà tí ẹ pa á: jáàkì méjèèjì dára, wáyà wọn dára, ìdajì swíìṣì sì dára. Nítorí náà orí bọ́ọ̀dù ni ká kọjú sí.

Ẹ yí mítà sí DC (irú iná tí bátìrì ń mú wá), ibi 20V. Ẹ fi wáyà dúdú rẹ̀ há áàtì, ẹ fi kiripu há a kó má bàa yọ̀. Ẹ ki wáyà gìtá kan bọ jáàkì ìwọlé, bí kò tilẹ̀ sí gìtá lẹ́nu rẹ̀, torí jáàkì stereo ló ń so ẹsẹ̀ òdì bátìrì mọ́ áàtì. Bí kò bá sí nǹkan nínú jáàkì yẹn, 0V ni ẹ ó máa kà káàkiri. Ibi yòówù kí ẹ yí pọ́ọ̀tù sí, kò kan kíkà yìí.

Ẹ wá fi wáyà pupa kan ẹsẹ̀ rere bátìrì, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ C (collector, ibi tí iná ń gbà wọlé), B (base, ẹsẹ̀ tó ń darí rẹ̀) àti E (emitter, ibi tó ń gbà jáde) ti Q1, kí ẹ tún ṣe ti Q2. Q1 ni tiransísítọ̀ tí ohùn gìtá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Q2 ni èkejì. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèje síbí bí ẹ ṣe rí wọn gan-an, ẹ má sọ pé "ó dára".

Ohun tó yẹ kí ẹ rí tí tiransísítọ̀ bá jẹ́ sílíkọ́nì nìyí: Q1 E jẹ́ 0V, B tó 0.6V, C tó 1.3V. Q2 B bá Q1 C dọ́gba, torí wáyà kan náà ni wọ́n wà. Q2 E tó 0.7V. Q2 C ni ìdí ọ̀rọ̀: a fẹ́ kó wà láàárín bátìrì, bíi 4.5V, kí ìró lè ní ààyè láti lọ sókè àti sísàlẹ̀. Òfin kan ṣoṣo tó gba gbogbo rẹ̀ ni pé B tiransísítọ̀ sílíkọ́nì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fi nǹkan bíi 0.6V ga ju E rẹ̀ lọ. Tí B àti E bá dọ́gba, kò sí iná tó ń wọ B, tàbí kó jẹ́ pé méjèèjì ti bíríìjì, ìyẹn ni pé wọ́n ti kan ara wọn. Tí B bá fi 1V tàbí jù bẹ́ẹ̀ ga ju E, inú tiransísítọ̀ yẹn ti já.

Gìtá-Àárọ̀

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Mo kà wọ́n báyìí:

Bátìrì 9.1V
Q1: E 0V, B 0.6V, C 1.7V
Q2: B 1.7V, E 1.1V, C 1.2V

Aṣàtúnṣe-Ọ̀jọ́

Nọ́ńbà yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ wo Q2: C 1.2V, E 1.1V. Ìyàtọ̀ wọn ò ju 0.1V lọ. Ó túmọ̀ sí pé Q2 ti ṣí gbayawu, ó ti kún dé ẹnu. Ìró tó bá dé bẹ̀ kò rí ibi tó máa lọ nísàlẹ̀ mọ́, òkè nìkan ló kù fún un, ìdí nìyẹn tó fi ń ní "fàp" tó ń kú.

Kí ló mú Q2 kún? Q1 ni kò fà á padà. Nínú Fuzz Face, Q1 ló ń ṣọ́ Q2. Iná tó gba 33k wá, Q1 ló yẹ kó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ sí áàtì, kó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún B ti Q2. Tí Q2 bá fẹ́ pọ̀ jù, E rẹ̀ á gòkè, 100k á gbé ìròyìn náà padà sí B ti Q1, Q1 á sì fà sí i. Ti yín, ìròyìn dé, àmọ́ Q1 ò lágbára láti fà.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ìròyìn dé? B ti Q1 jẹ́ 0.6V. Ká ní 100k ti já, tàbí ojú rẹ̀ ò mú, 0V ni ẹ ó rí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1.7, 1.1 àti 1.2 yòókù lè rí bí wọ́n ṣe rí yìí gẹ́lẹ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ya àìsàn méjèèjì sọ́tọ̀, ìyẹn la ṣe ní kí ẹ kà méjèèje.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Lórí 100k, 1.1 dín 0.6 jẹ́ 0.5V, ìyẹn 5µA tó ń wọ B ti Q1. Tiransísítọ̀ tí hFE rẹ̀ (ìlọ́po tó fi ń sọ iná B di iná C) jẹ́ 200 á fi 5µA fa 1mA. Gbogbo iná tó lè gba 33k wá ò tó 0.3mA. Nítorí náà tiransísítọ̀ tó dára ì bá ti fa C rẹ̀ walẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ti yín ń ṣe bí ẹni pé hFE rẹ̀ ò ju 5 tàbí 6 lọ. Tiransísítọ̀ tuntun kì í rí bẹ́ẹ̀, àfi tí wọ́n bá fi C rẹ̀ sí ibi E, tí wọ́n fi E sí ibi C. Ó máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó tò ó á fi rò pé kapásítọ̀ ló bàjẹ́.

Orúkọ wo ló wà lára tiransísítọ̀ yín? Orúkọ wo ló sì wà nínú àwòrán tí ẹ tẹ̀ lé?

Gìtá-Àárọ̀

Áà. 2N3904 ló wà nínú àwòrán. BC547B ni mo rí rà. Ẹni tó tà á fún mi ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Aṣàtúnṣe-Ọ̀jọ́

Ní ti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà. Ní ti ẹsẹ̀, òdìkejì ara wọn ni wọ́n. Ẹ kọ ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ sí ara yín, ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ kà láti òsì sí ọ̀tún:

2N3904: E, B, C
BC547: C, B, E
S9014: E, B, C
C1815 àti C945: E, C, B

BC108 àti 2N2222 onírin tó rí róbótó ní etí kékeré kan lára: ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí yẹn ni E, B ló tẹ̀ lé e, C ló kẹ́yìn.

C1815 àti C945 ló máa ń da èèyàn láàmú jù, torí inú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni wọ́n ti ń tú wọn, C ló sì wà láàárín wọn. Yíyí wọn po ò ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ gbọ́dọ̀ ká ẹsẹ̀ méjì kọjá ara wọn, kí ẹ fi awọ wáyà bo ọ̀kan.

Ti yín rọrùn. B wà láàárín nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ yọ BC547 méjèèjì, ẹ yí wọn kí ojú pẹrẹsẹ kọ sí òdìkejì ohun tó wà nínú àwòrán, ẹ dá wọn padà. Kí ẹ tó yọ wọn, ẹ fa lẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀ kúrò tán. Tí ẹ bá fi agbára fà á nígbà tí ẹsẹ̀ kan ṣì lẹ̀, ilà bàbà á bá a jáde. Tí ẹ bá ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jó ìyẹn sí bọ́ọ̀dù, kí tiransísítọ̀ máa wọlé jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún ẹnikẹ́ni tí kò bá dá ẹsẹ̀ lójú: mítà tó ní ibi dáyóòdù tó. Wáyà pupa lórí B, dúdú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjì tó kù, ẹ ó rí nǹkan bíi 0.6 sí 0.7 lẹ́ẹ̀mejèèjì. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ fi díẹ̀ pọ̀ jù ni E. Ìyàtọ̀ náà lè má ju 0.005 lọ, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Tí mítà yín bá ní ihò hFE, ó tún yá: ẹ ki tiransísítọ̀ náà bọ̀ ọ́ lọ́nà méjèèjì, ọ̀nà tí nọ́ńbà bá ti pọ̀ ni òótọ́.

Lẹ́ẹ̀dì60-40

Kí n fi díẹ̀ kún un fún àwọn tó máa ka èyí tí nọ́ńbà tiwọn kò bá ti Gìtá-Àárọ̀ mu.

Tí gbogbo nọ́ńbà bá tọ̀nà, Q1 C 1.3V, Q2 E 0.7V, àmọ́ tí Q2 C dúró sí 9V gbọnin, ẹ wo ẹsẹ̀ pọ́ọ̀tù Fuzz tó lọ sí áàtì. Ó ti já. 100k nìkan ló ń gbé E ti Q2 dúró, iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò tó nǹkan, ló fi dà bíi pé ara dá. Èèyàn lè fi ọjọ́ mẹ́ta pààrọ̀ tiransísítọ̀ lórí èyí.

Tí Q1 C bá jẹ́ 9V, tí Q2 B sì jẹ́ 0V, ilà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ló gé. Ẹ lè ti gé Veroboard kọjá ibi tó yẹ.

Tí Q1 C bá sún mọ́ 0V, tí Q2 C wà ní 9V, ẹ wò ó bóyá 33k ti já tàbí ojú rẹ̀ ò mú. Ẹ wo iye rẹ̀ pẹ̀lú. Ọsàn, ọsàn, ọsàn ni àwọ̀ 33k, 330k jẹ́ ọsàn, ọsàn, ìyeyè, lábẹ́ gílóòbù pupa wọ́n jọra. Àwọn rẹsísítọ̀ aláwọ̀ búlúù tó ní ilà márùn-ún tún burú jù láti kà. Mítà ni kí ẹ fi wọ̀n wọ́n kí ẹ tó jó wọn mọ́lẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí wọ́n bá ti wà lórí bọ́ọ̀dù, kíkà wọn kò ṣeé gbára lé, torí àwọn yòókù á máa dá sí i.

Okùn-Mẹ́fà

Mítà ò lè sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà mìíràn gbogbo fóòtì pé, ohùn ò jáde, torí kapásítọ̀ tó já kò yí fóòtì padà. Ẹ ṣe wáyà ìgbọ́hùn. Ẹ gé orí kan kúrò lára wáyà gìtá àtijọ́. Àwọ̀n tó wé e ká, ẹ jó kiripu mọ́ ọn, èyí lọ sí áàtì. Wáyà àárín, ẹ jó kapásítọ̀ 100nF mọ́ ọn, ẹ jó abẹ́rẹ́ ìránṣọ mọ́ ẹsẹ̀ kejì kapásítọ̀ náà. Ẹ ki orí tó kù bọ áńpù, kí ẹ yí volume áńpù wálẹ̀ gan-an. Ẹ má ṣe é láìsí 100nF yẹn, torí òun ló ń dí DC lọ́nà kó má bàa wọ áńpù.

Ẹ wá ohun tó máa dún láìdákẹ́. Orin láti inú fóònù tó gba wáyà etí wọ jáàkì ìwọlé dára, volume fóònù ní ìdajì. Ẹ fi abẹ́rẹ́ kan ibi kọ̀ọ̀kan bí ohùn ṣe ń lọ: orí jáàkì, ẹsẹ̀ swíìṣì, iwájú 2.2µF, ẹ̀yìn rẹ̀, C ti Q1, C ti Q2, ibi tí 8.2k àti 470 ti pàdé, ẹ̀yìn 10nF, ẹsẹ̀ àárín pọ́ọ̀tù Volume, jáàkì ìjáde. Ibi tí ẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn àti ibi tó ti dákẹ́, àárín wọn ni àìsàn wà.

Ibi méjì wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Ohùn lẹ́yìn 2.2µF máa kéré ju ti iwájú rẹ̀ lọ dáadáa. Kò bàjẹ́, ẹnu ọ̀nà Fuzz Face ló ń fa ìró gìtá mu bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí volume ara gìtá lè fọ ohùn rẹ̀ mọ́ tí ẹ bá yí i wálẹ̀ díẹ̀. Èkejì ni C ti Q1: tí Fuzz bá wà lókè pátápátá, ẹ ò ní gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, torí Q2 ń gbé e mì. Ẹ yí Fuzz sí òdo kí ẹ tó kan ibẹ̀. Lórí C ti Q2 ohùn á bú jáde, ẹ ṣọ́ etí yín.

Tí pọ́ọ̀tù Fuzz bá ń yí tí kò yí nǹkan kan padà, 22µF ni kí ẹ fi ojú sí. Ẹsẹ̀ rere rẹ̀ lọ sí àárín pọ́ọ̀tù, òdì sí áàtì. Ti 2.2µF, ẹsẹ̀ rere kọjú sí B ti Q1. Nínú èyí tó bá jẹ́ PNP, irú tiransísítọ̀ tó jẹ́ òdìkejì NPN, gbogbo rẹ̀ yí padà.

Gìtá-Àárọ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá, ó ti ń ké! Mo yí tiransísítọ̀ méjèèjì. Q1: E 0V, B 0.6V, C 1.3V. Q2: B 1.3V, E 0.7V, C 3.1V. Fuzz ń ṣiṣẹ́, okùn ń pẹ́ kó tó kú. Ohun tó kù: tí mo bá fi Volume lókè pátápátá, díẹ̀ ni ohùn rẹ̀ fi ga ju ìgbà tí mo pa á lọ. Bákan náà ìparí nóòtù ń gé gìdìgìdì.

Lẹ́ẹ̀dì60-40

3.1V ló ń gé ìparí nóòtù, iye 470 ló sì ń jẹ́ kí ohùn kéré. A lè fi rẹsísítọ̀ méjì yanjú méjèèjì pọ̀.

Iye iná tó ń gba Q2: 9.1 dín 3.1 jẹ́ 6V, lórí 8.2k pẹ̀lú 470, ìyẹn 8.67k. 0.69mA nìyẹn. A fẹ́ kí C wà ní 4.5V, nítorí náà 4.6V ló gbọ́dọ̀ já sórí àwọn rẹsísítọ̀ náà. 4.6 pín sí 0.69 jẹ́ bíi 6.67k. Ìjáde ohùn kò tinú C gan-an wá, láti ibi tí rẹsísítọ̀ méjèèjì ti pàdé ni. Ìpín tó bá wà lókè, lápá bátìrì, ni ẹ̀ ń gbọ́. 470 nínú 8.67k kò tó ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ẹ yọ 470, ẹ fi 1k síbẹ̀. Ẹ yọ 8.2k, ẹ fi 5.6k síbẹ̀. Àpapọ̀ wọn 6.6k, C á dúró sí nǹkan bíi 4.5V, ohùn tó ń jáde á sì di ìdá kan nínú méje, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹni tó bá fẹ́ fi etí yàn án, kó fi trimpot 10k (rẹsísítọ̀ kékeré tí a ń yí) dípò 5.6k, kó máa yí i pẹ̀lú mítà lórí C. Àwọn kan fẹ́ràn 5V, àwọn kan 4V. Èmi ò ní fi sílẹ̀ ju 5.5V lọ, ohùn á tín-ín-rín.

Okùn-Mẹ́fà

Mo fara mọ́ 1k yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí hFE. BC547B máa ń wà láàárín 200 sí 450. BC547C lè kọjá 600. Tí agbára bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú Q1, pẹ́dálì á máa sín "ṣíì" lábẹ́ orin, á sì máa súfèé. BC547A, 110 sí 220, ló dùn ún lò jù. Tí ẹ bá ní mẹ́wàá lọ́wọ́, ẹ wọn gbogbo wọn, kí ẹ fi èyí tó kéré jù sí Q1.

Akọ̀rọ̀yìn-Okùn

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín lórí èyí náà. Tiwa dún dáadáa, àmọ́ tí a ò bá ta okùn, ilé iṣẹ́ rédíò kan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Tí a bá lo àdápútọ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wà lórí, ó tún ń kùn hùùù. Ṣé tiransísítọ̀ germanium, ti àtijọ́, ni ká fi sí i dípò sílíkọ́nì? Wọ́n ní òun ni ojúlówó.

Ìyá-Áńpù

Rédíò lákọ̀ọ́kọ́. Ẹnu B àti E tiransísítọ̀ ń ṣe bíi dáyóòdù, ó ń bọ́ ohùn jáde lára ìgbì AM bí rédíò ṣe ń ṣe é. Ẹ ra kapásítọ̀ séràmíìkì 47pF, ẹ jó o sáàárín B àti C ti Q1, lára ẹsẹ̀ tiransísítọ̀ náà gan-an, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Tí ẹ bá ṣì ń gbọ́ ìròyìn, ẹ gbé e lọ sí 100pF. Ẹ má kọjá 220pF, ohùn òkè gìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wáyà tó ti jáàkì ìwọlé wọ inú bọ́ọ̀dù, ẹ lo èyí tó ní àwọ̀n, kí ẹ so àwọ̀n náà mọ́ áàtì ní orí kan ṣoṣo.

Kí lẹ kó o sí? Tó bá jẹ́ ike, ìdí rédíò nìyẹn. Agolo bísíkíìtì dára gan-an, ó gba lẹ́ẹ̀dì, ẹ lè jó wáyà áàtì mọ́ ọn tààrà tí ẹ bá ti fi bíléèdì ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò. Àpótí àlùmíníọ̀mù kò gba lẹ́ẹ̀dì wa lásán; ara jáàkì tó fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ọn ló ń so ó mọ́ áàtì, nítorí náà ẹ ha ọ̀dà tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì yẹn.

Kíkùn: ẹ yọ àdápútọ̀, ẹ fi bátìrì. Tó bá dákẹ́, àdápútọ̀ ni. Pẹ́dálì yìí ń mú iná tó kéré, nítorí náà ẹ fi rẹsísítọ̀ 100 óòmù sí ojú ọ̀nà iná rere tó ń wọlé, ẹ sì fi 100µF láti ẹ̀yìn rẹ̀ sí áàtì. Ohun tó máa sọ nù kò tó 0.3V. Tó bá jẹ́ pé bátìrì ló wà níbẹ̀ tó ṣì ń kùn, tó sì ń dín kù nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn, inú gìtá ni kí ẹ wò, kì í ṣe pẹ́dálì.

Kí ẹ tó ki àdápútọ̀ kankan bọ̀ ọ́, ẹ fi mítà kan ẹnu rẹ̀. Àdápútọ̀ pẹ́dálì, òdì ló wà láàárín. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún rédíò àti fún ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, rere ló wà láàárín. Dáyóòdù 1N5817 kan lójú ọ̀nà iná á gba pẹ́dálì là lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ṣèèṣì.

Aṣàtúnṣe-Ọ̀jọ́

Lórí germanium, òótọ́ ni pé òun ni wọ́n fi ṣe é nígbà tí Arbiter kọ́kọ́ gbé e jáde ní London ní 1966, NKT275 oní-PNP. Nígbà tó yá wọ́n gbé BC108 tó jẹ́ sílíkọ́nì sí i. Ohùn germanium tutù, mi ò jà á níyàn. Àmọ́ iná máa ń jò nínú rẹ̀, jíjò yẹn sì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìgbà tí ooru bá fi 10°C lé. Èyí tí ẹ tún ṣe láàárọ̀ nínú ilé tó tutù, tí ẹ gbé lọ sí òde inú oòrùn ọ̀sán, C ti Q2 á ti sá kúrò níbi tí ẹ fi sí. Nílùú olóoru bíi tiwa, sílíkọ́nì ló ń dúró síbi tí wọ́n bá gbé e sí. PNP tún ní ìṣòro mìíràn: áàtì rẹ̀ ni rere. Tí ẹ bá so ó mọ́ àdápútọ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn pẹ́dálì yòókù, ẹ ti fi rere lu òdì. Bátìrì tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún un.

Ẹ tún jẹ́ kó jẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn gìtá, oní-germanium tàbí oní-sílíkọ́nì. Tí pẹ́dálì mìíràn tó ní buffer (sákíìtì tó ń ti ìró lẹ́yìn) bá ṣáájú rẹ̀, á máa ha etí, volume gìtá ò sì ní lè fọ̀ ọ́ mọ́.

Lẹ́ẹ̀dì60-40

Gìtá-Àárọ̀, kí ẹ tó dé ìdérí, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta. Ẹ fi sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, kí ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ fa àárín gbogbo ilà bàbà lẹ́ẹ̀kan, torí irun lẹ́ẹ̀dì kan tó tín-ín-rín tó láti bíríìjì. Ẹ gé páálí kan sáàárín bọ́ọ̀dù àti irin. Lẹ́yìn náà ẹ yí mítà sí mA, ẹ fi í sáàárín bátìrì àti wáyà pupa. Bọ́ọ̀dù yẹn nìkan ò yẹ kó mu ju 1mA lọ. LED tó ní 4.7k á fi bíi 1.5mA kún un. Tí ẹ bá rí 20mA, ẹ yọ bátìrì kíá, nǹkan kan ti kan nǹkan kan. Kí ẹ tún kà á lẹ́yìn tí ẹ bá ti de ìdérí mọ́ ọn, ẹ̀yìn pọ́ọ̀tù máa ń fara kan bọ́ọ̀dù nígbà yẹn.

Gìtá-Àárọ̀

Mo ti fi 1k àti 5.6k sí i. Q2 C 4.6V. Kí n tó dé e, 0.9mA láìsí LED, 2.4mA pẹ̀lú LED. Mo dé ìdérí, ó fò sí 31mA. Ẹ̀yìn pọ́ọ̀tù Volume ló ń kan ẹsẹ̀ 33k. Mo ti fi páálí sí i, ó ti padà sí 2.4. Nóòtù ìkẹyìn ń rọra kú báyìí, kò gé mọ́.